Káàdì tẹlifíṣọ̀n inú kọ̀ǹpútà: àwòrán wà, ohùn kò sí nínú ohun tí mo gbà sílẹ̀

ỌmọAgége | Ọjọ́rú, 29 Oṣù Kẹwàá 2014, 9:12 àárọ̀

Ẹ̀yin àgbà ilé yìí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí.

Mo ra kọ̀ǹpútà alápótí tòkunbọ̀ kan, káàdì tẹlifíṣọ̀n wà nínú rẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń kì bọ ojú PCI (ihò gbọọrọ orí mọ́dábọ́ọ̀dù). Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ní ó ti wá. Windows XP ló wà lórí rẹ̀. Ọjà ni ìyá mi máa ń wà títí ilẹ̀ á fi ṣú, wọn kì í bá eré Yorùbá alẹ́ nílé. Mo fẹ́ máa gbà á sílẹ̀ fún wọn, kí wọ́n lè rí i wò tí wọ́n bá jẹun tán.

Ohun tí ojú mi ń rí nìyí. Tí mo bá ń wo tẹlifíṣọ̀n lórí kọ̀ǹpútà náà lọ́wọ́, àwòrán mọ́, ohùn ń jáde ketekete nínú sípíkà. Tí mo bá wá ṣí fáìlì tí mo gbà sílẹ̀, àwòrán nìkan ni. Nígbà míì mo máa ń gbọ́ ohùn èmi àti àbúrò mi nínú rẹ̀, níbi tí a ti ń sọ̀rọ̀ nínú yàrá, ṣùgbọ́n n kì í gbọ́ ti àwọn òṣèré.

Àwọn ìkànnì orí UHF (ìgbì òkè) nìkan ló tún ń rí. NTA 10 tó ń mú dáadáa lórí tẹlifíṣọ̀n kékeré tó wà ní pálọ̀, káàdì yìí ò rí i rárá. Ètò tó bá gùn, fáìlì rẹ̀ máa ń já lẹ́yìn bíi wákàtí kan ààbọ̀. Láti ọjọ́ Àìkú tó kọjá sì rèé, ohun tí mo bá ní kó bẹ̀rẹ̀ sí í gbà ní aago mẹ́jọ alẹ́, aago mẹ́sàn-án ló ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó tà á fún mi ní káàdì náà ti kú, kí n wá ra òmíràn. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Ajísafẹ́_Mushin | 9:40 àárọ̀

Dírafà ni, ètò tó ń jẹ́ kí Windows lè lo káàdì. Yọ èyí tó wà níbẹ̀ kúrò, wa tuntun sórí ẹ̀rọ, kí o pa á kí o tún tàn án. Tí kò bá gbọ́, a jẹ́ pé káàdì ti lọ nìyẹn.

Atúnwáyàṣe_Ìbàdàn | 10:25 àárọ̀

Ajísafẹ́, má bínú, n ò fara mọ́ ọn. Tó bá jẹ́ dírafà ni, àwòrán gan-an ò ní jáde. Ẹ tún ohun tí ọmọ yìí kọ kà: ó ní òun ń gbọ́ ohùn ara òun nínú fáìlì. Ibẹ̀ ni ẹjọ́ wà. Máíkì ni kọ̀ǹpútà ń gbà sílẹ̀.

Àbúrò, ní ọ̀pọ̀ káàdì PCI àtijọ́, pàápàá àwọn tó ń lo ṣíìpù Bt878, àwòrán nìkan ló ń gba ojú PCI wọlé. Ohùn kì í bá a rìn. Ọ̀nà tirẹ̀ ni kó gba wáyà kékeré kan láti ara káàdì tẹlifíṣọ̀n lọ sára káàdì ohùn. Wáyà yìí lè wà lẹ́yìn àpótí, kó wọ ihò aláwọ̀ búlúù tó ń jẹ́ Line In. Ó sì lè wà nínú àpótí, wáyà ẹlẹ́nu mẹ́rin tó lọ sí ibi tí wọ́n kọ CD In tàbí Aux sí. Ohùn tí ò ń gbọ́ nínú sípíkà, káàdì ohùn kàn ń jẹ́ kó kọjá ni. Kò túmọ̀ sí pé ẹnikẹ́ni ń gbà á sílẹ̀. Ohun tí à ń gbọ́ àti ohun tí à ń gbà sílẹ̀, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni Windows yà wọ́n sí.

Tẹ àwòrán sípíkà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago lẹ́ẹ̀mejì. Lọ sí Options, kí o yan Properties, kí o tẹ Recording, kí o sì tẹ OK. Ojú mìíràn máa ṣí. Wàá rí i pé Microphone ni wọ́n fi àmì sí. Mú àmì náà lọ sí Line In. Tó bá jẹ́ pé inú àpótí ni wáyà rẹ gbà, CD Audio tàbí Aux ni kó o yàn. Má gbé ìwọ̀n ohùn rẹ̀ kọjá ìdajì lákọ̀ọ́kọ́, torí tó bá pọ̀ jù, ohùn á máa ya, kò sì sí àtúnṣe fún un mọ́ lẹ́yìn tó bá ti wọ inú fáìlì.

Má tíì ra nǹkan kan.

Ìyá_Táíwò_Peckham | 11:02 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o. Àbúrò mi, Ọlọ́run á bá wa dá ìyá yín sí.

Mo lè sọ fún ọ ìdí tí irú káàdì yẹn fi pọ̀ lọ́jà tòkunbọ̀. Ní Oṣù Kẹrin 2012 ni wọ́n pa tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ (analogue) ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, láti òpó Crystal Palace. Nígbà tí ọdún yẹn fi máa parí, kò sí níbì kankan ní Britain mọ́. Káàdì tí kò bá mọ̀ ju analogue lọ ò wúlò fún wa mọ́, yìnyín lásán ló ń fi hàn. Ìyẹn ò ní kó jẹ́ pé ó ti bàjẹ́.

Ọ̀rọ̀ NTA 10: wo inú ètò tí o fi ń wo tẹlifíṣọ̀n, mo mọ̀ pé United Kingdom ni wàá bá níbi tí wọ́n ti ń béèrè orílẹ̀-èdè. Láti 1985 ni a ò ti lo VHF (ìgbì ìsàlẹ̀, níbi tí NTA 10 wà) fún tẹlifíṣọ̀n mọ́ níbí. Láti ìkànnì 21 lọ sókè nìkan ni káàdì náà ń wá, kò tilẹ̀ dé ibi tí NTA 10 wà. Yí i sí Nàìjíríà. Tí kò bá sí Nàìjíríà nínú àkójọ náà, yan Jámánì, kí o tún wá àwọn ìkànnì látìbẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ aago: ọjọ́ Àìkú 26 ni a dá aago padà sẹ́yìn ní wákàtí kan níbí. Láti ìparí Oṣù Kẹta títí di ìparí Oṣù Kẹwàá, aago wa àti ti Nàìjíríà máa ń dọ́gba, ìdí nìyẹn tí o kò fi rí ìyàtọ̀ látìgbà tí o ti rà á. Àkókò Lọ́ńdọ̀nù ló ṣì wà lórí ẹ̀rọ yẹn, òun fúnra rẹ̀ ló sì dá ara rẹ̀ padà. Má kàn ti ọwọ́ aago síwájú o, torí tí íntánẹ́ẹ̀tì bá tún un ṣe, á padà síbi tó wà. Time Zone ni kó o yí, sí West Central Africa, GMT+01:00.

Ajísafẹ́_Mushin | 11:30 àárọ̀

Mà, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n èmi, Amẹ́ríkà ni mo fi tèmi sí, ó sì ń mú.

Akẹ́kọ̀ọ́_Linux | 12:15 ọ̀sán

Ẹ̀gbọ́n Ajísafẹ́, ó lè jẹ́ pé ó kọ́kọ́ wá gbogbo ìgbì fúnra rẹ̀ ni ó fi rí nǹkan mú. Nọ́ńbà ìkànnì tiwa àti ti Amẹ́ríkà kì í ṣe ọ̀kan náà. Ìkànnì 10 tiwa, 210.25 MHz ni àwòrán rẹ̀ wà. Ìkànnì 10 ti Amẹ́ríkà, 193.25 ni. Ìlànà àwọ̀ wọn náà yàtọ̀: NTSC ni wọ́n lò lọ́hùn-ún fún tẹlifíṣọ̀n analogue, PAL ni tiwa.

Mo fẹ́ fi díẹ̀ kún ọ̀rọ̀ ìyá wa tó wà ní Peckham. Orúkọ orílẹ̀-èdè nìkan ò tó. Ibi tí ohùn jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán tún ń yàtọ̀. Ní PAL B/G tí Jámánì lò, ohùn fi 5.5 MHz ju àwòrán lọ. Ní PAL I ti Britain, 6.0 MHz ni. Ti Amẹ́ríkà jẹ́ 4.5. Tí káàdì bá ń wá ohùn síbi tí kò sí, àwòrán á mọ́ gaara, ariwo ṣíì-ṣíì nìkan ni wàá sì máa gbọ́. Nítorí náà, ỌmọAgége, tí o bá ti yí i sí Jámánì, gbọ́ ìkànnì kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ohùn rẹ̀ bá ń pariwo bẹ́ẹ̀, yí òun nìkan sí PAL I, kí o gbọ́ ọ wò. Ọ̀pọ̀ ètò ló gbà kí o ṣe é fún ìkànnì kọ̀ọ̀kan.

Ẹni tó bá ń lo Linux, kó wo `dmesg` (àkọsílẹ̀ ohun tí ẹ̀rọ rí) lẹ́yìn tó bá tan ẹ̀rọ. Tí ó bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ò mọ irú káàdì náà, á lò ó bí èyí tí kò ní tuner (ẹ̀yà tó ń mú ìkànnì), ojú ìwé dúdú ni wàá rí. Nọ́ńbà tó yẹ ni kó o fún un, bíi `modprobe saa7134 card=` tàbí `modprobe bttv card=`, pẹ̀lú `tuner=`. Àkójọ àwọn nọ́ńbà náà wà nínú ìwé tó bá kernel wá.

ỌmọÀjàṣẹ́ | 1:05 ọ̀sán

Ẹ kú ọ̀sán o, ẹ̀yin ará. Láti Pòtó-Nóvò ni mo ti ń kọ ọ́. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Bàdágìrì àti Sẹ̀mẹ̀ tí ẹ máa ń rí ORTB (tẹlifíṣọ̀n ìjọba Benin) mú, ẹ má fi PAL wá a. SECAM K ni tiwa, ohùn rẹ̀ sì wà ní 6.5 MHz. Tí káàdì bá wà lórí PAL, aláwọ̀ dúdú àti funfun ni àwòrán máa jẹ́, láìsí ohùn. Tí ẹ bá rí i bẹ́ẹ̀, kì í ṣe pé káàdì bàjẹ́.

Atúnwáyàṣe_Ìbàdàn | 1:20 ọ̀sán

O ṣeun, ọmọ Àjàṣẹ́. Ẹnìkan ti gbé ẹ̀rọ wá bá mi rí lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an, ó ti fẹ́ jù ú nù.

Ẹlẹ́rọ_Òṣogbo | 2:48 ọ̀sán

Kò sẹ́ni tó tíì dáhùn ọ̀rọ̀ fáìlì tó ń já.

Àbúrò, lọ sínú My Computer, fi ọwọ́ ọ̀tún tẹ dísìkì tí ò ń gbà á sí, kí o wo Properties. Ó dá mi lójú pé FAT32 lo máa bá níbẹ̀, ìlànà àtijọ́ tí dísìkì fi ń to fáìlì. FAT32 kì í gba fáìlì kan ṣoṣo tó bá ju 4 GB lọ, bí àyè tó ṣẹ́ kù tilẹ̀ pọ̀. Tó bá jẹ́ MPEG-2 (fídíò tí wọ́n ti fún pọ̀ kó lè kéré) ni ò ń gbà sílẹ̀ ní nǹkan bí 6 megabit ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, wákàtí kan á jẹ 2.7 GB. Ṣírò rẹ̀: wákàtí kan ààbọ̀ àti díẹ̀, 4 GB ti pé.

Sọ ọ́ di NTFS, ìlànà tó ń gba fáìlì ńlá: ṣí Command Prompt, kọ `convert D: /fs:ntfs`, tó bá jẹ́ D ni dísìkì náà. Kì í pa ohun tó wà níbẹ̀ rẹ́. Síbẹ̀ ṣe ẹ̀dà àwọn fọ́tò àti ìwé rẹ síbòmíràn ná, kí o sì rí i dájú pé iná ò ní lọ lójijì nígbà tó bá ń ṣe é lọ́wọ́.

Ajísafẹ́_Mushin | 3:10 ọ̀sán

Kí ló dé tí kò kàn gbà á láìfún un pọ̀? Mo gbọ́ pé bẹ́ẹ̀ ló ń mọ́ jù.

Ẹlẹ́rọ_Òṣogbo | 3:22 ọ̀sán

Ó ń mọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n wò ó: 720 lọ́nà 576, báìtì méjì fún ojú kọ̀ọ̀kan, àwòrán 25 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ó ju 20 MB lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo. Wákàtí kan á jẹ bíi 75 GB. Gbogbo dísìkì tó wà nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà XP ò tó bẹ́ẹ̀. Ètò tí ìyá fẹ́ wò lálẹ́, MPEG-2 tó o.

ỌmọAgége | Ọjọ́bọ̀, 30 Oṣù Kẹwàá 2014, 8:05 àárọ̀

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin ìyá wa. Ohùn ti wọlé! Máíkì ni wọ́n yàn lóòótọ́. Wáyà náà wà lẹ́yìn, nínú ihò búlúù. NTA 10 náà ti jáde lẹ́yìn tí mo yan Jámánì, ohùn rẹ̀ sì mọ́. Aago ti tọ́. Mo ti sọ dísìkì di NTFS, fáìlì ò já mọ́.

Ohun méjì ló kù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ètò, ẹnu àwọn òṣèré àti ohùn wọn ń bára mu. Bó bá ti ń lọ, ohùn á bẹ̀rẹ̀ sí í kẹ́yìn. Nígbà tó bá fi máa parí, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ á ti pa ẹnu dé kí a tó gbọ́ ohùn rẹ̀. Ìkejì ni pé tí a bá tan jẹnẹrétọ̀, NTA 10 á máa rú, àmì funfun wẹ́wẹ́ á máa já kọjá lójú rẹ̀. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ lórí UHF.

Akẹ́kọ̀ọ́_Linux | 8:50 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n, kọ́kọ́ sọ fún wa: ṣé díẹ̀díẹ̀ ni ohùn ń kẹ́yìn, àbí ó ń fò lẹ́ẹ̀kan náà ní àwọn ibì kan? Tó bá jẹ́ iye kan náà ló fi yàtọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ìyẹn rọrùn, VLC (ètò tí a fi ń wo fídíò) lè sún ohùn síwájú tàbí sẹ́yìn nígbà tí ẹ bá ń wò ó. Tó bá jẹ́ díẹ̀díẹ̀, aago inú káàdì tẹlifíṣọ̀n àti aago inú káàdì ohùn ni kò bára mu. Tó bá jẹ́ pé ó ń fò, kọ̀ǹpútà ń pàdánù àwòrán nítorí pé iṣẹ́ wọ̀ ọ́ lọ́rùn.

ỌmọAgége | 9:15 àárọ̀

Ó ń fò. Ó le jù nígbà tí àbúrò mi bá ń lo ẹ̀rọ náà fún nǹkan mìíràn.

Atúnwáyàṣe_Ìbàdàn | 10:40 àárọ̀

Àwòrán tó ń sọ nù ni nígbà náà. Ohùn ò sọ nù, àwòrán ń dín, torí náà ohùn á dà bíi pé ó gùn ju àwòrán lọ.

Wo ibì kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í wò. Device Manager, IDE ATA/ATAPI controllers, Primary IDE Channel, Advanced Settings. Ka ohun tí wọ́n kọ síwájú Current Transfer Mode. Tí o bá rí PIO (ọ̀nà àtijọ́ tó lọ́ra) níbẹ̀, o ti rí ọ̀tá rẹ. Windows XP máa ń fa dísìkì sẹ́yìn sí PIO fúnra rẹ̀ tí àṣìṣe bá ti pọ̀ lórí rẹ̀, ó sì lè jẹ́ wáyà dísìkì tó ti gbó ló fà á. Ní PIO, dísìkì á máa gba gbogbo agbára kọ̀ǹpútà. Pààrọ̀ wáyà pẹlẹbẹ náà, yọ Primary IDE Channel yẹn kúrò nínú Device Manager, kí o tún ẹ̀rọ tàn. Windows á tún rí i, á sì fi í sí DMA, ọ̀nà tó yá tí kì í ni kọ̀ǹpútà lára.

Má jẹ́ kí antivirus máa yẹ dísìkì wò nígbà tí ẹ̀rọ bá ń gbà. Tí o bá ní dísìkì méjì, èyí tí Windows kò sí lórí rẹ̀ ni kó o máa gbà á sí.

Ìyá_Táíwò_Peckham | 11:30 àárọ̀

Kí ó má kàn wá káàdì tó ń fún fídíò pọ̀ fúnra rẹ̀? Irú Hauppauge PVR-150 ni ọkọ mi lò nígbà yẹn. Àwòrán àti ohùn jọ ń jáde nínú rẹ̀ bíi MPEG-2 kan ṣoṣo ni, kò sí wáyà Line In rárá, kọ̀ǹpútà tí kò lágbára ń gbé e.

Atúnwáyàṣe_Ìbàdàn | 11:44 àárọ̀

Mà, káàdì náà dára, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n owó ni. Kí ọmọ yìí kọ́kọ́ yẹ PIO wò.

Ẹlẹ́rọ_Òṣogbo | 12:30 ọ̀sán

Ọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀ rèé. Iná tó ń ta nínú púlọ́ọ̀gì ẹ̀ńjìnnì ló ń wọ inú erìálì. VHF ló máa ń mú irú ariwo yẹn jù, ìdí nìyẹn tí UHF rẹ fi mọ́. Gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí ibi tí erìálì wà. Béèrè púlọ́ọ̀gì tó ní resistor nínú lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ohun èlò jẹnẹrétọ̀. Yọ wáyà erìálì tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn, fi RG6 onípele méjì sí i, 75 ohm.

Erìálì fúnra rẹ̀ ńkọ́? Tó bá jẹ́ ti UHF olóbìírí, kò bá NTA 10 mu. Fún 210 MHz, ọ̀pá méjì tí gígùn ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ bíi sẹ̀ǹtímítà 35 ni kó o tẹ́ sọ́tùn-ún sósì.

Tí iná bá máa ń lọ nígbà tí ẹ̀rọ ń gbà, má gbà á sí AVI (irú fáìlì fídíò kan). Atọ́ka AVI, ìparí ni wọ́n ń kọ ọ́. Tí iná bá lọ kó tó parí, fáìlì lè má ṣí, àfi kí o fi VirtualDub tún atọ́ka náà ṣe. MPEG ní tirẹ̀, ibi tó bá dé lo máa rí wò.

Tí déètì tó wà lórí ẹ̀rọ bá ń padà sí ọdún àtijọ́ lẹ́yìn tí iná bá lọ, bátìrì CR2032 tó wà lórí mọ́dábọ́ọ̀dù ti kú. Kò sí ètò tí yóò bẹ̀rẹ̀ lásìkò tí ọjọ́ bá ti dàrú. Kò wọ́n, pààrọ̀ rẹ̀.

Ajísafẹ́_Mushin | 4:02 ọ̀sán

Mo ti ń ka gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: 17 Oṣù Kẹfà 2015 ni wọ́n dá pé kí tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ kúrò nílẹ̀. Ṣé kò ní jẹ́ iṣẹ́ àṣedànù fún un?

Akẹ́kọ̀ọ́_Linux | 5:20 ìrọ̀lẹ́

Kò ní jẹ́ bẹ́ẹ̀. Káàdì náà ní ihò Composite lẹ́yìn. Dẹ́kódà èyíkéyìí tó bá ní ihò aláwọ̀ yẹ́lò, funfun àti pupa, yẹ́lò á wọ Composite, funfun àti pupa á wọ Line In. Nínú ètò tí o fi ń wò ó, yí Input kúrò lórí Tuner sí Composite. Àṣìṣe tí mo máa ń rí ni pé wọ́n á wá ìkànnì lórí Tuner, nígbà tí dẹ́kódà fúnra rẹ̀ ló ń yan ìkànnì.

Ẹni tó bá fẹ́ ra tuntun, DVB-T2 (ìlànà tẹlifíṣọ̀n dígítà) ni kó rà, kì í ṣe DVB-T lásán, torí DVB-T2 ni Nàìjíríà yàn. Òun ń gba ètò sílẹ̀ bó ṣe wá látorí òpó gan-an, kò sí pé ohùn ń kẹ́yìn. Àmọ́ àwọn ìkànnì tí wọ́n ń sanwó lé lórí bíi ti GOtv àti StarTimes, orúkọ wọn lè jáde nínú àkójọ, àwòrán ò ní ṣí, torí wọ́n ti tì í pa.

ỌmọAgége | Ọjọ́ Ẹtì, 31 Oṣù Kẹwàá 2014, 7:30 àárọ̀

PIO ni mo bá níbẹ̀ o! Mo ti pààrọ̀ wáyà, ó ti di Ultra DMA. Ohun tí mo gbà lánàá, ẹnu àti ohùn bára mu títí dé òpin. Jẹnẹrétọ̀ ni mo kọjú sí báyìí.

Ìbéèrè kan: tí ènìyàn bá ń sáré nínú àwòrán, ìlà wẹ́wẹ́ bíi ti ìyàrí máa ń wà létí ara rẹ̀. Ṣé kí n gbà á ní 288 dípò 576?

Akẹ́kọ̀ọ́_Linux | 7:52 àárọ̀

Rárá, má dín in kù. Àwòrán PAL kọ̀ọ̀kan, ìdajì méjì ni wọ́n ń fi ránṣẹ́, 50 ìdajì ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Lórí kọ̀ǹpútà ni ìdajì méjèèjì ti ń hàn pọ̀. Tí o bá gbà á ní 288, ìdajì àwòrán lo jù nù. Fi í sílẹ̀ ní 576. Nínú VLC, lọ sí Video, yan Deinterlace, kí o tàn án, kí o sì mú Yadif ní Deinterlace mode. Tó bá ń wúwo fún ẹ̀rọ náà, mú Linear.